Bí a ṣe ń to kẹ̀kẹ́ tó ṣeé gùn jọ láti ara àlòkù, láìná owó rẹpẹtẹ

Kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tí mo tò fúnra mi, férémù rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rà. Ó pupa fòò, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán, inú mi sì dùn pé mo ti ní ìlàjì kẹ̀kẹ́ nílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ẹsẹ̀ tó máa wọ inú rẹ̀. Àwọn kan fẹ̀ jù, wọn ò wọlé. Èyí tó wọlé, rọ́bà ìjánu kò kan rímù rẹ̀ rárá. Nígbà tí mo fi máa parí, owó tí mo ti kó sórí nǹkan tí kò bára mu ti tó ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan tó ń rìn geere.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé lórí iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ọ̀wọ́n ọjà ló ń tán owó ẹni, àìbáramu ni. Ẹni tó bá mú rúlà jáde kó tó mú owó jáde á to kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá jẹ́ kí ọ̀dà fa ojú òun mọ́ra á sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Torí náà, wíwọn nǹkan máa pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ fara dà á.

Òkú kẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ rà

Ẹ má ṣe ra kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀yà ẹ̀yà. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà kan mọ iyì ohun tó ń tà, àmọ́ ẹni tó kàn fẹ́ kí òkú kẹ̀kẹ́ kúrò lẹ́yìnkùlé òun kò ka ẹ̀yà kankan sí. Kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọ́, tí ṣéènì rẹ̀ ti dípẹtà, ṣì ní ìjókòó, ọwọ́, fọ́ọ̀kì, pẹ́dàlì, àti gbogbo nọ́ọ̀tì àti wọ́ṣà kéékèèké tí ẹ kì í rí rà lẹ́yọ lẹ́yọ. Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo wọn ti bára mu tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà ti bá yín wọn ọ́n.

Ohun tí mo máa ń wá ni òkú kẹ̀kẹ́ méjì tó jọra: irú férémù kan náà, ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan náà. Àìsàn tó pa wọ́n nìkan ni kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Tí ọ̀kan bá fọ́ níwájú, tí èkejì bàjẹ́ lẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ kan ti wà nínú méjèèjì nìyẹn, èyí tó ṣẹ́ kù á sì di àpótí ẹ̀yà fún ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn kan wà tí mi ò ní gbà lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá. Kẹ̀kẹ́ olówó kékeré tó ní ṣọ́kù lẹ́yìn wúwo, oríkèé rẹ̀ sì máa ń gbò tí kò ní ṣeé tún ṣe. Férémù tàbí fọ́ọ̀kì tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù ṣe lè ti sán nínú kí ojú má rí i, ó sì lè ṣẹ́ lójijì. Irin lásán ló dáa jù fún ẹni tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àlùmíníọ̀mù náà kò burú tí kò bá tíì sán níbì kankan. Ẹ mú òòfà kékeré dání: irin á fà á mọ́ra, àlùmíníọ̀mù kò ní fà á.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ dojú kẹ̀kẹ́ náà dé, kẹ́ ẹ wo abẹ́ ilé kíráǹkì, ìyẹn ibi tí ọ̀pá àwọn pẹ́dàlì ti gba inú férémù kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ sí. Tí ẹnì kan bá ti fi fáìlì ha nọ́ńbà náà kúrò, ẹ fi kẹ̀kẹ́ ọ̀hún sílẹ̀. Tí nọ́ńbà bá wà, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, ì báà jẹ́ ìlà méjì péré.

Yíyẹ férémù wò

Ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, níbi tí ọ̀pá òkè àti ọ̀pá ìsàlẹ̀ ti pàdé ilé fọ́ọ̀kì. Kẹ̀kẹ́ tó ti forí sọ ògiri rí máa ń wú díẹ̀ lábẹ́ ọ̀pá ìsàlẹ̀ níbẹ̀, tàbí kí ọ̀dà rẹ̀ hunjọ bí iwájú orí arúgbó. Ẹ fi ìka pa á lọ pa á bọ̀, torí ìka máa ń rí ohun tí ojú fò dá. Tó bá wú, tàbí tí ẹ rí ìlà sísán, ẹ má sọ pé ẹ máa gbé e fún wẹ́dà. Àlùmíníọ̀mù tí wọ́n jó lásán kò ní lágbára rẹ̀ mọ́, irin tí wọ́n bá sì jó lọ́rùn lè já lójú eré. Fọ́ọ̀kì tó ti wọ́ ńkọ́? Kò sí ìtọ́jú fún un rárá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìpẹtà orí ara kì í ṣe ìṣòro. Èyí tó jẹ irin wọnú ni ìṣòro, omi sì máa ń kó jọ sí ilé kíráǹkì ju ibikíbi lọ. Ẹ fi ìdí sùkúdíráfà gbá a káàkiri. Irin tó le á dún ganran-ganran. Ibi tó ti jẹrà á dún bí agolo tó kún fún iyẹ̀pẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá férémù tọ́, okùn kan péré ti tó. Ẹ so ó mọ́ ẹnu ẹ̀yìn lápá òsì, ìyẹn ibi tí ákísù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń wọ̀. Ẹ fà á lọ síwájú kó yí ọrùn férémù po, kó sì padà wá sí ẹnu ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Tó bá ti le dáadáa, ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti òpó àárín, èyí tí ìjókòó ń wọ inú rẹ̀, ní òsì àti ní ọ̀tún. Ìyàtọ̀ mìlímítà 2 tàbí 3 kò ṣe nǹkan kan. Tó bá ti ń lọ sí 6 tàbí 7, kẹ̀kẹ́ náà á máa fẹ́ yà kúrò lọ́nà ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń gùn ún.

Ohun kan ṣì kù tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe kó tó di pé ẹ sanwó: ẹ tú nọ́ọ̀tì ìjókòó, kẹ́ ẹ yí ọ̀pá ìjókòó wò. Tí ọ̀pá náà bá jẹ́ àlùmíníọ̀mù, tí férémù sì jẹ́ irin, wọ́n lè ti jẹra wọn mọ́ra títí tí wọ́n fi di ọ̀kan. Mo ti fi ọjọ́ márùn-ún da òróró sí ọ̀kan rí, kò mì. Tó bá sì yọ, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ojú, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n ọ̀pá ìjókòó pọ̀ lọ jàra: 25.4 wà, 26.8 wà, 27.2 wà, mìlímítà 0.2 péré ló sì sábà máa ń wà láàárín ọ̀kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Èyí tó tín jù díẹ̀ á máa yọ̀ wálẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì fi tipátipá fún un, etí férémù á ya.

Ẹsẹ̀: ibẹ̀ ni owó wà

Lára gbogbo kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń gbówó lérí jù. Tẹ́ ẹ bá rí ẹsẹ̀ tó dáa, férémù rọrùn láti rí fún un. Èmi kì í wo férémù mọ́ kí n tó mọ ẹsẹ̀ tó máa wọ̀ ọ́.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹ máa rí nọ́ńbà méjì tí ìlà kékeré wà láàárín wọn, bíi 37-622 tàbí 47-559. Èyí àkọ́kọ́ ni ìbú táyà, èyí kejì ni ìdábùú rímù níbi tí táyà jókòó sí, méjèèjì ní mìlímítà. Nọ́ńbà kejì yìí ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, torí irọ́ pọ̀ nínú ti ínǹṣì. Táyà tí wọ́n kọ 26 sí lára lè jẹ́ 559, ó sì lè jẹ́ 590, èyí kò sì ní wọ orí ìyẹn láéláé. Èyí tí wọ́n ń pè ní 28 lè jẹ́ 622 tàbí 635. Èyí tí wọ́n ń pè ní 29, 622 náà ni. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé 27.5, tó jẹ́ 584, kéré sí 27, tó jẹ́ 630! Ẹ kọ nọ́ńbà tiyín sórí ìwé, kẹ́ ẹ fi í sápò kẹ́ ẹ tó jáde nílé.

Ìwọ̀n kejì ni ìbú ẹnu férémù, láti inú kan dé inú kejì. Níwájú, mìlímítà 100 ló wọ́pọ̀. Lẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ tí kò ní gíà sábà máa ń jẹ́ 110 sí 120, àwọn tó ní gíà máa ń jẹ́ 126, 130 tàbí 135. Férémù irin lè yanu díẹ̀ sí i, bíi mìlímítà 3 tàbí 4. Ẹ má dán an wò lára àlùmíníọ̀mù.

Tí ìwọ̀n bá ti bára mu, ó kù kẹ́ ẹ yẹ ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀ wò. Ẹ fi rúlà lé ẹ̀gbẹ́ rímù níbi tí rọ́bà ìjánu ń fún un. Tó bá ti jẹ kòtò wọnú, rímù náà ti gbó. Ẹ fi òòfà kàn án. Rímù irin tó ń dán bí dígí dára lójú, àmọ́ tí òjò bá rọ̀ sí i, ìjánu kì í mú un dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ní àǹfààní láti yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ mú àlùmíníọ̀mù.

Ẹ wá di ákísù mú pẹ̀lú ìka méjì, kẹ́ ẹ rọra yí i. Tó bá ń ha bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, gírísì ló ń fẹ́. Tó bá ń kọ́, tó ń dúró lójú kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fọ̀ ọ́, kóònù, ìyẹn nọ́ọ̀tì ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí ọmọ béárìn ń yí lé lórí ákísù, ti gún, ó ti jẹ kòtò. Ẹ tú u sórí aṣọ funfun kí ohunkóhun má bàa sọnù. Níwájú, ọmọ béárìn 10 ló sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 3/16; lẹ́yìn, ó jẹ́ 9 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ínǹṣì 1/4. Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọmọ béárìn kan tó ti gún á ba kóònù jẹ́, kóònù á ba họ́ọ̀bù jẹ́, ìyẹn ìdodo ẹsẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ náà parí sí. Owó tín-ínrín ni wọ́n ń ta ọmọ béárìn, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn pọ̀. Kóònù náà ṣeé pààrọ̀. Tí inú họ́ọ̀bù bá ti gún, ẹ wá ẹsẹ̀ mìíràn.

Tẹ́ ẹ bá ń dì í padà, ẹ kó gírísì tuntun sí i, ẹ tẹ ọmọ béárìn sínú rẹ̀, ẹ dá kóònù padà títí tí ákísù kò fi ní mì mọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, síbẹ̀ kó máa yí wẹ́rẹ́. Ẹ fi sípánà tẹ́ẹ́rẹ́ di kóònù mú, kẹ́ ẹ fi òmíràn fún nọ́ọ̀tì ìta mọ́ ọn. Bí nọ́ọ̀tì ìta bá ṣe ń le, kóònù á fẹ́ bá a yí, gbogbo ohun tẹ́ ẹ tò á sì dàrú. Ó lè gbà yín tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bí ó ṣe máa ń rí fún gbogbo wa nìyẹn.

Tí rímù bá ń gbọ̀n sí òsì sí ọ̀tún, sípóòkù la fi ń tọ́ ọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ kán òróró sí ìdí nọ́ọ̀tì sípóòkù kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kejì, ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé, ẹ so rọ́bà tàbí ẹ̀ka igbálẹ̀ kan mọ́ fọ́ọ̀kì kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan rímù, kẹ́ ẹ máa yí ẹsẹ̀. Níbi tí rímù bá ti yà sí òsì, ẹ fún sípóòkù tó ti apá ọ̀tún họ́ọ̀bù wá le, kẹ́ ẹ dẹ ti apá òsì, ìdá mẹ́rin òbírí lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ọwọ́ ibi tó yẹ kí wọ́n yí i sí. Ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ ń wo orí nọ́ọ̀tì náà láti ibi tí táyà wà: bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ ni ẹ máa yí i kó le. Tó bá ti ku mìlímítà 2, ẹ fi sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ìrìnnà lẹ̀ ń tò, ìfẹ́ láti jẹ́ kó pé pérépéré ló sì máa ń ṣẹ́ sípóòkù.

Irinṣẹ́ àti títú

Sípánà 8, 10, 13 àti 15, Allen key (irin onígun mẹ́fà tí wọ́n fi ń tú bóòtù) 4, 5 àti 6, sípánà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì fún kóònù, sùkúdíráfà, òòlù, irin tí wọ́n fi ń já ṣéènì, pọ́ǹpù, gírísì, òróró ẹ́ńjìnnì fífẹ́lẹ́. Irin tí wọ́n fi ń fa kíráǹkì yọ àti èyí tí wọ́n fi ń tú fíríwíìlì (eléyín ẹ̀yìn tí ṣéènì ń yí), ẹ yá wọn lọ́wọ́ mẹkáníìkì tàbí kẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ náà lọ bá a. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa lò wọ́n.

Kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ tún yà á lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti tú ìdajì. Agolo kan fún iwájú, agolo kan fún ẹ̀yìn, agolo kan fún ilé kíráǹkì.

Térẹ́ẹ̀dì (ìlà yíyípo tó ń mú kí nọ́ọ̀tì wọlé) méjì wà tó ń yí òdìkejì, àwọn ni wọ́n sì ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn ba kíráǹkì tó dáa jẹ́. Àkọ́kọ́ ni pẹ́dàlì òsì. Kẹ́ ẹ má bàa máa há ofin sórí, ẹ gbé sípánà sórí pẹ́dàlì kó nàró sókè, kẹ́ ẹ fà á sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Pẹ́dàlì méjèèjì á tú lọ́nà yìí, òsì àti ọ̀tún. Ìkejì ni ife ọ̀tún (irin roboto tó di béárìn mú) nínú ilé kíráǹkì tó fẹ̀ ní mìlímítà 68: bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ ló ń tú. Àwọn kan wà tí ilé kíráǹkì wọn fẹ̀ ní mìlímítà 70 tí wọ́n ṣe ní ọ̀nà Ítálì. Ní tiwọn, ife méjèèjì ló ń tú bí nọ́ọ̀tì lásán. Ẹ wọn ilé náà kẹ́ ẹ tó fi agbára sí i.

Tí kíráǹkì yín bá jẹ́ irú èyí tí píìnì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ tú nọ́ọ̀tì píìnì náà títí tí orí rẹ̀ fi máa bá térẹ́ẹ̀dì dọ́gba, kí nọ́ọ̀tì gba ìyà dípò térẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi igi tó nípọn tì í lábẹ́ kó má bàa jẹ́ béárìn ló máa gba ojú òòlù, kẹ́ ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára. Títa á ní pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ ra píìnì tuntun, wọn ò wọ́n.

Títò ó padà

Láti ilé kíráǹkì ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí férémù ṣì fúyẹ́, ó sì ṣeé yí bí ẹ ṣe fẹ́. Gírísì lórí gbogbo térẹ́ẹ̀dì, lórí ọ̀pá ìjókòó, àti lórí ọ̀pá tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Bí a ṣe ń di kóònù ẹsẹ̀ náà la ṣe ń di ti ilé kíráǹkì.

Fọ́ọ̀kì ló tẹ̀ lé e. Ọwọ́ tó tẹ̀ lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú síwájú (ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti rí ẹni tó dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn tó sì gùn ún bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan). Tí ẹsẹ̀ iwájú bá ti wà níbẹ̀, ẹ fún ìjánu iwájú, kẹ́ ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn. Tí ọrùn bá ń dún kọ́-kọ́, ó dẹ̀. Ẹ gbé iwájú sókè kẹ́ ẹ yí ọwọ́ rẹ̀: tó bá ń kọ́ lójú kan, ó ti le jù. Ọ̀pá ìjókòó àti ọ̀pá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ní àmì tí kò gbọ́dọ̀ hàn síta férémù. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àmì náà.

Ní ti gíà, ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ má lò ó. Ẹ̀rọ gíà àlòkù, wáyà rẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i, ibẹ̀ ni wàhálà kẹ̀kẹ́ àtijọ́ pọ̀ sí jù. Eléyín kan níwájú, eléyín kan lẹ́yìn, ó tán. Eyín 42 tàbí 44 níwájú pẹ̀lú 18 lẹ́yìn dáa fún ilẹ̀ títẹ́jú. Pẹ̀lú 42 àti 18 lórí rímù 622, ìyípo pẹ́dàlì kan á gbé yín lọ tó nǹkan bíi mítà 5. Tí òkè bá pọ̀ lágbègbè yín, ẹ wá 20 sẹ́yìn. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu ẹ̀yìn férémù. Tó bá gùn lọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ á ṣeé fà kí ṣéènì le. Tó bá jẹ́ pé ó wálẹ̀ tààrà, ẹ̀rọ gíà àtijọ́ náà ló máa wúlò fún títẹ ṣéènì: ẹ fi sókè lójú kan, ẹ má so wáyà mọ́ ọn.

Ṣéènì àlòkù, ẹ wọn ọ́n kẹ́ ẹ tó gbà á. Láti àárín píìnì kan, ẹ ka ojú 24. Tó bá jẹ́ tuntun, á jẹ́ ínǹṣì 12 géérégé, ìyẹn mìlímítà 304.8. Tó bá ti kọjá 306, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó. Tó bá ti tó 308, ó ti gbó, ó sì ti jẹ eyín tó ń yí lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ṣéènì tuntun fi máa ń fò lórí eléyín ẹ̀yìn tó ti gbó: ọ̀kan ṣì kúrú, èkejì ti fẹ̀. Àwọn méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ pààrọ̀, tàbí kẹ́ ẹ jọ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jọ gbó. Ìbú náà wà, ní ínǹṣì: ṣéènì 1/8 á wọ orí eyín 3/32, àmọ́ ti 3/32 kò ní wọ orí eyín 1/8.

Ẹ fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn títí tí àárín ṣéènì á fi máa lọ sókè sódò ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ yí pẹ́dàlì yíká, torí eléyín àlòkù kì í rí roboto tán, ibì kan á le ju ibòmíràn lọ. Ibi tó le jù ni kẹ́ ẹ fi ṣe òdiwọ̀n.

Táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń sán, tí òwú inú rẹ̀ ti ń yọ, kò ṣeé lò. Ẹ ra túùbù tuntun. Ẹ gé ọ̀já láti ara túùbù àtijọ́, kẹ́ ẹ fi bo orí nọ́ọ̀tì sípóòkù nínú rímù kó má bàa gún un. Ihò ara rímù tí fáàbù (ẹnu túùbù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé) ń gbà jáde máa ń jẹ́ mìlímítà 8.5 tàbí 6.5, fáàbù tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ihò ńlá á máa lọ síwá sẹ́yìn títí ìdí rẹ̀ á fi ya. Ẹ kà á lára táyà iye afẹ́fẹ́ tó gbà, kẹ́ ẹ má kọjá rẹ̀. Tí pọ́ǹpù yín bá ń sọ èdè bar, tí táyà ń sọ psi, bar kan jẹ́ psi 14.5.

Ìjánu: níbí, tuntun ni

Gbogbo ibi tó kù lẹ ti lè ṣọ́ owó ná. Wáyà ìjánu àti rọ́bà ìjánu, ẹ ra tuntun fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Wáyà àtijọ́ lè dáa lójú láti ìta kí òwú irin mẹ́ta ti já nínú ọwọ́ ìjánu, níbi tí ojú kò dé, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì fún un pẹ̀lú agbára ló máa já tán.

Ọwọ́ ìjánu àti apá ìjánu gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà. Ìjánu tó ní apá gígùn méjì tó nàró, tí wáyà gba àárín wọn kọjá ní ìbú, ń fẹ́ ọwọ́ tó ń fa wáyà púpọ̀. Irú tó gé kúrú, tó fi bóòtù kan ṣoṣo wà ní àárín férémù, ń fẹ́ ọwọ́ tó ń fa díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pa wọ́n pọ̀ lódìkejì, ọwọ́ ìjánu á kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí ẹsẹ̀ tó dúró, tàbí kó le bí òkúta kó má sì mú rímù. Ọ̀kan nínú àwọn àìbáramu tó lè pa èèyàn nìyí. Tí òkú kẹ̀kẹ́ yín bá wá pẹ̀lú méjèèjì, ẹ má yà wọ́n.

Rọ́bà gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lórí rímù. Tó bá kan táyà, á gé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tó bá wà nísàlẹ̀ jù, á yọ̀ wọnú sípóòkù. Ẹ jẹ́ kí iwájú rọ́bà kan rímù ṣáájú ẹ̀yìn rẹ̀ ní bíi mìlímítà kan, kó má bàa máa ké. Tó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì sẹ́yìn kó tó dúró ni, ẹ ṣì fi ìjánu ọwọ́ síwájú. Ọjọ́ tí ṣéènì bá bọ́, ìjánu ẹsẹ̀ ti bá a lọ.

Tẹ́ ẹ bá ti tò ó tán, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ fún ọwọ́ ìjánu pẹ̀lú gbogbo agbára yín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó sàn kí wáyà yọ̀ nínú àgbàlá ju kó yọ̀ lójú ọ̀nà.

Gígùn ún fún ìgbà àkọ́kọ́

Ẹ jókòó, ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí yín yà sí ẹ̀gbẹ́. Bí ìjókòó ṣe ga tó nìyẹn. Ẹ gùn ún díẹ̀díẹ̀ níbi tí ọkọ̀ kò sí, ẹ fún ìjánu kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó dákẹ́ lẹ̀ ń wá. Tó bá ń dún lẹ́ẹ̀kan ní ìyípo pẹ́dàlì, ẹ wo kíráǹkì tàbí pẹ́dàlì. Tó bá ń dún lẹ́ẹ̀kan ní ìyípo ẹsẹ̀, rímù tàbí táyà ni.

Ẹ má tíì kun ọ̀dà. Ẹ jẹ́ kó rìn fún oṣù kan ná, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó yẹ fún ọ̀dà.

Lẹ́yìn kìlómítà 20 àkọ́kọ́, ẹ gbé sípánà padà. Wáyà tuntun á ti nà, sípóòkù tẹ́ ẹ tọ́ á ti rọ̀ díẹ̀, ẹ tún wọn mú. Ẹ fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ méjèèjì, ti ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ti ìjókòó. Kíráǹkì òsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì mú nínú gbogbo rẹ̀, torí òun ló sábà máa ń tú. Kíráǹkì tó bá sì fi ọjọ́ kan rìn ní dídẹ̀, ihò rẹ̀ á fẹ̀, kò ní le mọ́ láéláé.